Aṣọ Inú Ọ̀rá Dúdú

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

ALÁGBÀFỌ̀: Ẹ kú ọ̀sán, mà. Èmi ni. Bátìrì mi ti fẹ́ kú —

ÌYÁ RẸ̀: Ọmọ mi. Ṣé ara ń mókun? Ṣé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ?

ALÁGBÀFỌ̀: Wọ́n á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kanlẹ̀kùn, wọ́n á sá.

ÌYÁ RẸ̀: Bí ẹni ń bọ́ ajá tó ń géni jẹ.

ALÁGBÀFỌ̀: Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ìyá mi. Egbò wà ní ètè mi.

ÌYÁ RẸ̀: Ìgbà wo ni wọ́n á wá dá ọ sílẹ̀?

ALÁGBÀFỌ̀: Ó dìgbà tí gbogbo èépá bá ṣí, tí awọ tuntun yọ. Isolation ni wọ́n ń pè é. Fèrèsé ò ṣeé ṣí. Ìta ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn. Aláriwo ọmọ mi ńkọ́?

ÌYÁ RẸ̀: Ó ń sùn. Láti ìjẹta ló ti dákẹ́ —

ALÁGBÀFỌ̀: Aláriwo dákẹ́? Kí lẹ ṣe fún un?

ÌYÁ RẸ̀: Ọgbọ́n àgbà ni. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ìlà ń hó.]

ALÁGBÀFỌ̀: Mò ń gbọ́. Ọgbọ́n wo?

ÌYÁ RẸ̀: Òórùn rẹ ló ń sunkún fún. Mo bá mú ìró rẹ bò ó. Kíá ló sùn fọnfọn.

ALÁGBÀFỌ̀: Ìró wo?

ÌYÁ RẸ̀: Èyí tó wà nínú ọ̀rá dúdú, lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

ALÁGBÀFỌ̀: Mo ní kí ẹ dáná sun ún, mà.

ÌYÁ RẸ̀: Aṣọ tó dáa bẹ́ẹ̀? Mo sá a sóòrùn. Ó mọ́.

ALÁGBÀFỌ̀: Aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì tí mo fọ̀ náà mọ́ lójú. Ara ẹ̀ ni mo ti kó àrùn mpox yìí. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà. Àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú. Please.

[Ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ọmọdé ń kùn.]

ÌYÁ RẸ̀: Kò sí nǹkan kan. Eruku lásán.

ALÁGBÀFỌ̀: Ara ẹ̀ ńkọ́?

ÌYÁ RẸ̀: Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọ tó wà lábẹ́ aṣọ, ṣé kó tutù ni?

ALÁGBÀFỌ̀: Ẹ fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀.

ÌYÁ RẸ̀: Àgbọ̀n kẹ̀? Ilẹ̀ẹ́gbóná ayé wa kì í wú lábẹ́ àgbọ̀n —

ALÁGBÀFỌ̀: Èyí yàtọ̀. Ọrùn mi ló kọ́kọ́ wú, kí ohunkóhun tó sú sí mi lára.

[Ọmọdé ń kùn.]

ALÁGBÀFỌ̀: Ìyá mi? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

ÌYÁ RẸ̀: Ó wà níbẹ̀. Kókó kan, bí ẹyọ ẹ̀wà. Ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì náà.

ALÁGBÀFỌ̀: Ẹ gbé e wá sọ́sibítù níbí kí wọ́n ṣe test fún un.

ÌYÁ RẸ̀: Kí wọ́n tì í mọ́lé?

ALÁGBÀFỌ̀: Tó bá jẹ́ òun ni, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á tì í mọ́. Ẹ fọwọ́ yín dáadáa, ẹ̀yin náà.

ÌYÁ RẸ̀: Èmi? Mo gba abẹ́rẹ́ ilẹ̀ẹ́gbóná ní kékeré, àpá ẹ̀ ṣì wà lápá mi. Ọjọ́ yẹn, mo gé nọ́ọ̀sì jẹ.

ALÁGBÀFỌ̀: Dókítà sọ ọ́. Àwa tí wọ́n bí lẹ́yìn tí wọ́n ṣíwọ́ abẹ́rẹ́ yẹn ló kún ibí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé e, ó ṣì lè mú yín.

ÌYÁ RẸ̀: Àtọjọ́ tí o ti lọ ni mo ti ń gbàdúrà kí ọmọ yìí rí ọ.

ALÁGBÀFỌ̀: Èmi náà, mà.

[Ìlà ń hó. Ọmọ bú sẹ́kún.]

ÌYÁ RẸ̀: Ó ń wá ìró rẹ. Ṣé o gbọ́ mi? Aṣọ wo ni kí n fi pọ̀n ọ́n?

ALÁGBÀFỌ̀: Tiyín. Ẹ jẹ́ kó sunkún. Ẹ jẹ́ kó máa ké bọ̀ lọ́nà, kí n lè máa gbọ́ ọ láti —

[Ìlà já.]