Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kọ́ Ló Gé Ìyá Sàkínà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan wà láyà mi tí ẹ̀fẹ̀ mi ò lè bò mọ́. Mo ti fẹ́ gbé e wọ sàréè ni, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jímọ̀ tó kọjá ò jẹ́.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni mí nílé iṣẹ́ rédíò kan nílùú Ìlọrin. Aládàáni ni wá, ìjọba kọ́ ló ni wá. Èmi ni mò ń gba ìpè aráàlú láràárọ̀, tí mò ń bá wọn ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà kan, a jẹ́ kí ẹnìkan bẹnu àtẹ́ lu ìjọba, ni wọ́n bá wá ti ilé iṣẹ́ wa pa. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ọ̀gá wa pè mí: "Ẹni tó bá ti fẹnu kan ìjọba, gé e. Sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Mo sì ń gé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Mo níyàwó, mo bímọ.

Ìyá àgbà kan pè wá láti Gàmbàrí, ẹ jẹ́ n pè é ní Ìyá Sàkínà. Agbaṣẹ́ṣe ìjọba kan gbẹ́ gọ́tà síwájú ilé wọn, ó sì sá lọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ jìn sínú ẹ̀, apá rẹ̀ dá. Bó ṣe ní, "Ìjọba yìí…", mo tẹ bọ́tìnnì. Ó tún pè, mo tún gé e.

Mo wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Màmá, fóònù yín ti dàgbà jù yín lọ o! Ẹ jẹ́ kó lọ gba pẹ́ńṣàn!" Ìlú rẹ́rìn-ín.

Ó lọ ra òmíràn. Mo gé ìyẹn náà.

Ní Jímọ̀ yẹn, mò ń ná bàtà ní Táíwò Road, ni Ìyá Sàkínà bá gbọ́ ohùn mi. Inú ẹ̀ dùn bí ẹni rí ọmọ tó tàjò dé. "Ọmọ mi! Aráalé wa kan ní ẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ gé wa ni. Mo ní irọ́ ló ń pa. Wàláì, mo gbé Kùránì lójú gbogbo agboolé pé o ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mú kó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi."

Ó ṣàdúà fún mi. Mo sì ṣe àmín. Ẹ jọ̀ọ́, àmín ni mo ṣe!

Bí mo bá sọ òótọ́ lórí rédíò, wọ́n á tún tì wá pa, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á sì jókòó sílé. Bí mo bá lọ sí Gàmbàrí ńkọ́? Ìyá kan gbé Kùránì lé irọ́ mi lórí. Ẹnìkan sì wà níbẹ̀ tó sọ òótọ́, tí wọ́n ní kó kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, nínú àwọn méjèèjì, ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀?