Ọpẹ́lọpẹ́ Ọ̀rá

Mo wà ní ìsọ̀ káfíńtà kan ní Ìlaròó, mò ń dúró kí gọ́ọ̀mù ẹsẹ̀ tábìlì mi gbẹ, nígbà tí ìyá kan fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé àga pálọ̀ kan dé. Ikán ti jẹ igi rẹ̀, àmọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi wé e nígbà tí wọ́n rà á ṣì wà lára rẹ̀.

Káfíńtà bi í pé, “Màmá, ìgbà wo lẹ ra èyí?”

“Ọdún tí mo bí àkọ́bí mi. Ó ti ń kọ́ni ní Pólì báyìí.”

“Ẹ ò sì tú ọ̀rá ara ẹ̀?”

“Kí eruku lè bà á jẹ́? Àlejò pàtàkì ni mo tọ́jú ẹ̀ dè. Bàbá wọn gan-an, orí bẹ́ńṣì ni wọ́n ń jókòó sí.”

“Igi fẹ́ atẹ́gùn, Màmá. Ooru inú ọ̀rá yẹn ló pe ikán wá. Ẹ̀ bá máa nù ún, kẹ́ ẹ máa fi kẹrosíìnì pa ẹsẹ̀ ẹ̀.”

“Ẹ má bú ọ̀rá. Lọ́jọ́ Sátidé, àna wa wá láti Ìfọ́nyìntẹ̀dó. Bí wọ́n ṣe jókòó báyìí, igi kán lábẹ́ wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀rá ni wọn ò fi kanlẹ̀. Wọ́n kàn ń fì dùgbẹ̀dùgbẹ̀ nínú ẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n.”

Títí di òní, tí mo bá ti rí ọ̀rá lára àga, “ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀rá” ló ń wá sí mi lẹ́nu.

Káfíńtà gbé òòlù sílẹ̀. “Bàbá ilé ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọn ò bínú. Wọ́n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ńṣì wọn, wọ́n ní kí àna máa bọ̀.”