Ẹni Tó Gbé Áyọ́ọ̀nù Sílẹ̀

Òótọ́ tí Tàwàkálítù, ìyàwó Láwàlì, fi pamọ́ fún ọkọ rẹ̀, fún ọmọ rẹ̀ àti fún àbúrò ọkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ tú u jáde, lọ́sàn-án gangan, ní ọjọ́ tí wọ́n sọ ọmọ rẹ̀ obìnrin lórúkọ ní àdúgbò Bolori ní Maiduguri. Kò sí ẹni tó ń wádìí. Kò sí ẹni tó fi túláàsì mú un. Ká ní ó dákẹ́ ni, ìbá gbé ọ̀rọ̀ náà dé sàréè láìsí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó rí i lọ́jọ́ náà pé irọ́ tí òun pa ṣì ń jẹ ẹni tí òun pa á mọ́ títí di ìsinsìnyí, ó sì rí i pé bí òun kò bá jẹ́wọ́, kò ní yéé jẹ ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. A kò ní bu nǹkan kan kù níbẹ̀, torí òun náà kò bu nǹkan kan kù nígbà tí ó ń sọ ọ́.

Ọ̀ffà ni wọ́n ti mú Tàwàkálítù wá fún ọkọ ní Maiduguri. Láwàlì ní ṣọ́ọ̀bù àwo àti ìkòkò ní Baga Road, níbi tí bàbá rẹ̀ ti tajà títí tí ó fi darúgbó tí ó sì padà sílé. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú náà ni Láwàlì. Bí inú bá bí i, Hausa ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kí Yorùbá tó bá a. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí ó bá ti pinnu nǹkan, ó di dandan. Tàwàkálítù mú máṣíìnì ìránṣọ ìyá rẹ̀ dání wá. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ láti kékeré, tí ó máa ń ní kí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun kí ó máa kó òwú sínú abẹ́rẹ́ fún òun, torí ojú ti ń dùn ún. Nígbà tí Tàwàkálítù bí Mùíbì, àkọ́bí rẹ̀, kò ra aṣọ kankan fún un lọ́jà. Ègé aṣọ àwọn oníbàárà ló ń so pọ̀ tí ó fi ń rán bùbá àti ṣòkòtò kéékèèké fún un, apá pupa, ẹ̀yìn àwọ̀ ewé, tí àwọn obìnrin àdúgbò á máa rẹ́rìn-ín pé ọmọ náà dà bí ẹyẹ. Inú rẹ̀ a máa dùn sí i. Ó ní títí dòní, òun kò rí ìgbà tí òun láyọ̀ tó ìgbà yẹn, èyí sì wà lára ohun tí ó ń dun òun jù, pé kì í ṣe ìyà tàbí ebi ló mú òun ṣe ohun tí òun ṣe.

Àbúrò Láwàlì, Nímọ́tà, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn nígbà tí ó wọ yunifásítì. Ìmọ̀ ìṣirò ló ń kọ́. Òun ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ nínú ìdílé wọn tí yóò dé irú ibẹ̀, Láwàlì kì í sì í lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ pẹ́ ní Baga Road kí ó má tíì dárúkọ rẹ̀. Tàwàkálítù dàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí Nímọ́tà kí òun tó wọlé ọkọ, nítorí náà Ìbàdíàrán ló ń pè é, ẹ̀yin ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Nímọ́tà náà á ní, "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé ọmọ." Á pọn Mùíbì, á máa rìn yí àgbàlá ká lábẹ́ igi dongoyárò, á máa ka ìwé rẹ̀ sókè bí ẹni pé ọmọ náà ló fẹ́ ṣe ìdánwò.

Hajia Yàgánà, aládùúgbò wọn tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín ilé wọn, fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ. Ó kó aṣọ síliki funfun kan wá fún Tàwàkálítù pé kí ó rán an fún ìyàwó tuntun. Tàwàkálítù kò tíì fọwọ́ kan irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà á láti fi sísọ́ọ̀sì gé e. Nígbà tí ó rán an tán tí ó so ó kọ́ ara ògiri, ó jókòó, ó ń wò ó. Aṣọ tí òun fi ṣe nikáì, ìyẹn ìsoyìgì tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yá a, ó sì tóbi jù ú lọ́rùn. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé kí òun kàn wọ èyí wò, kí òun rí bí yóò ṣe rí lára òun, kí òun sì bọ́ ọ.

Àárọ̀ ni. Iná ti lọ láti àná, áyọ́ọ̀nù eléèédú ni wọ́n ń lò. Nímọ́tà fi lọ blàósì tí ó fẹ́ wọ̀ lọ sí kíláàsì, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, ó sì lọ wẹ̀. Mùíbì ń rá kiri lórí ẹní. Tàwàkálítù wọ aṣọ ìyàwó náà. Ó rí i pé ìṣẹ́po etí aṣọ níwájú kò dùbúlẹ̀ dáadáa. Dípò kí ó bọ́ ọ, ó gbé áyọ́ọ̀nù wálẹ̀, ó lóṣòó, ó tẹ́ etí aṣọ náà sórí ẹní, ó sì fi lọ̀ ọ́ báyìí, báyìí. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ níbẹ̀. Ó wọ yàrá lọ síwájú dígí.

Ó ní ohun tí òun ń ṣe nígbà tí ọmọ òun ké ni pé òun ń yí, òun ń wo ẹ̀yìn ara òun nínú dígí.

Igbe náà kì í ṣe igbe tí ọmọ fi ń bèèrè ọmú. Nígbà tí ó dé ìta yàrá, ọwọ́ ọ̀tún Mùíbì wà lára irin náà, ọmọ náà kò sì mọ bí a ṣe ń fa ọwọ́ kúrò. Òun ló já a gbà. Nímọ́tà sáré wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lára àti ìró tí ó so mọ́ àyà. Bí Tàwàkálítù ṣe rí i, ọ̀rọ̀ kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó rò ó: "Nímọ́tà! Níbo lo gbé áyọ́ọ̀nù sí?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò pe orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Nímọ́tà wo ilẹ̀, ó wo tábìlì, ó tún wo ilẹ̀. "Mo rò pé... orí tábìlì ni mo gbé e sí, Ìyàwó wa."

"Ṣé tábìlì ló wá gbé e sọ̀kalẹ̀ ni?"

Ó ní kì í ṣe pé òun jókòó gbèrò irọ́. Ẹ̀rù ló ba òun. Ṣùgbọ́n ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá òun dì mọ́ ìyẹn, torí ẹ̀rù tó ba òun lọ́jọ́ náà kì í ṣe òun ló ń ba òun ní gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Hajia Yàgánà ti gbọ́ igbe, ó ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Òun ló wá ọkọ̀ tó gbé wọn lọ sí ọsibítù. Kí wọ́n tó jáde, ó wo Tàwàkálítù láti òkè délẹ̀, ó rí aṣọ ọmọ òun lára rẹ̀, ó sì wo áyọ́ọ̀nù lórí ẹní. Ó ní kí ó lọ bọ́ aṣọ náà. Nígbà tí ó yá tí ó wá gbé e, ó ka owó iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ó sì rọra sọ fún un ní Hausa pé, "Tàwàkálítù, ki ji tsoron Allah." Pé kí ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà, ìkíni nìkan ló kù láàárín wọn, títí tí obìnrin náà fi kúrò ní àdúgbò.

Nígbà tí Láwàlì dé ọsibítù, ó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Tàwàkálítù ní, "Nímọ́tà lọ aṣọ, ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó lọ wẹ̀." Ó sọ ọ́ tán, ó sì rí i bí ó ṣe rọrùn tó láti sọ.

Ọwọ́ ọmọ náà jinná, ṣùgbọ́n àwọn ìka rẹ̀ ká, wọn kò sì na mọ́. Láwàlì kò bá àbúrò rẹ̀ jà. Kò kàn bá a sọ̀rọ̀ mọ́ ni. Bí Nímọ́tà bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ́ kí ó tutù síbẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ọ̀ffà, pé òun kò lè máa rí i kí òun sì máa rí ọwọ́ ọmọ náà. Ìdánwò ọdún ìkẹyìn rẹ̀ kò jìnnà mọ́. Kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀ síta, ó kọ́kọ́ bi ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá. Ó ní, "Ìyá Mùíbì, ọmọ ìyá mi ni. Kò sí bí mo ṣe lè gbé e padà bí mo bá ti lé e. Ṣé ó dá ọ lójú pé òun ni?"

Ọlọ́run ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún un. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ ohun mìíràn. Tàwàkálítù ní, "Ó dá mi lójú."

Síbẹ̀, ó ní èyí kọ́ ló burú jù. Èyí tó burú jù ni pé ní àárọ̀ ọjọ́ tí Nímọ́tà ń lọ, ó wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó kúnlẹ̀ níbi tí òun jókòó sí níwájú máṣíìnì. Ẹni tí ó yẹ kí òun ìyàwó kúnlẹ̀ kí. Ó ń sunkún. Ó ní, "Ìyàwó wa, mo ti rò ó títí. Mo ń rí i lójú mi pé mo gbé e sórí tábìlì, ṣùgbọ́n ó dà bí pé orí mi ló ń tàn mí jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí Mùíbì kórìíra mi tí ó bá dàgbà."

Tàwàkálítù gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́."

Ó ní òun gbọ́ ohùn ara òun bí ó ṣe ń sọ ọ́, pé ohùn náà dára, ó rọ̀, ohùn ènìyàn rere ni. Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ máṣíìnì kí Nímọ́tà tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ọdún gorí ọdún. Nímọ́tà kò padà sí ilé ìwé. Wọ́n fi í fọ́kọ ní Ọ̀ffà, ó bí ọmọbìnrin kan, Àjíkẹ́. Mùíbì di ọ̀dọ́langba, ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé, Hausa sì ni èdè tó yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Tàwàkálítù gba àwọn ọmọbìnrin tí ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Ó tún bímọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti rò pé ó tán. Láwàlì, tí ọkàn rẹ̀ ti ń rọ̀ bí ó ṣe ń dàgbà, ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ pé kí ó wá síbi ìsọmọlórúkọ. Nímọ́tà wá. Ó ti rù, ó sì ti di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Àwọn Alfa ti lọ, àwọn àlejò ti túká, ó ku àwọn ará ilé. Mùíbì gbé àbúrò rẹ̀ tuntun lọ́wọ́, ó nà án sí Nímọ́tà, àbúrò bàbá rẹ̀, tí òun ń pè ní Gwaggo bí àwọn ọmọ ìlú náà ṣe ń pe arábìnrin bàbá wọn. "Gwaggo, karɓe ta mana," ó ní, pé kí ó gbà á.

Nímọ́tà kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní, "Gbé e fún ìyá rẹ, ọmọ mi. Ọwọ́ mi kò dára fún ọmọdé." Nígbà tí Láwàlì ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn, ó dáhùn bí ẹni ń sọ nǹkan tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, Àjíkẹ́ gan-an, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ló ń gbé. Èmi ni mo ní kí wọ́n mú un. Mi ò dá wà pẹ̀lú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti bí i. Ẹ mọ̀ pé mo máa ń gbàgbé ibi tí mo bá gbé nǹkan sí."

Tàwàkálítù gbọ́ ìyẹn. Ó ní, "Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ìbàdíàrán, ẹ jókòó. Òtítọ́ kan wà lọ́rùn mi, mi ò lè gbé e sùn mọ́." Ó sì sọ ọ́: aṣọ ìyàwó, etí aṣọ, dígí, ọsibítù, yàrá, gbogbo rẹ̀. Kò sunkún nígbà tí ó ń sọ ọ́. Ó ní òun kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹkún nínú ọ̀rọ̀ náà.

Mùíbì wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mama, ashe ke ce?" ó bi í, pé àṣé ìyá òun ni.

"Ni ce," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. Èmi ni.

Láwàlì dìde. Ó ní, "O jẹ́ kí n lé ọmọ ìyá mi," ó sì jáde. Oṣù púpọ̀ ló kọjá kí ó tó tún pè é ní Ìyá Mùíbì.

Nímọ́tà kò pariwo. Ó ní, "Orí tábìlì ni mo gbé e sí?"

"Orí tábìlì ni ẹ gbé e sí."

"Ẹ tún un sọ."

"Orí tábìlì ni ẹ gbé e sí, Ìbàdíàrán. Èmi ni mo gbé e wálẹ̀."

Ìgbà náà ni ó bú sẹ́kún, ẹkún tí àwọn aládùúgbò gbọ́. Tàwàkálítù fẹ́ kúnlẹ̀. Nímọ́tà na ọwọ́ dá a dúró. "Ẹ má kúnlẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ rí nínú ilé yìí, mo mọ ohun tí wọ́n fún mi." Ó wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ kejì. Kò sọ pé òun dárí jì í, kò sì sọ pé òun kò dárí jì í.

Nígbà tí ẹnì kan dé láti Ọ̀ffà ní òpin ọdún, ó ròyìn pé Nímọ́tà ti lọ mú Àjíkẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, pé òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń jọ dáná báyìí, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní ìṣirò. Tàwàkálítù bi í pé ṣé kò ní kí wọ́n sọ nǹkan kan fún òun. Ẹni náà ní rárá. Tàwàkálítù ní, "Alhamdulillahi. Ó tó bẹ́ẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, níṣojú Mùíbì bí ó bá wà nílé. Ó ní bí aṣọ oníbàárà bá jóná lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n yára sọ pé àwọn ni, kí wọ́n gba ìbáwí, kí ó tán. Á tún fi kún un pé: "Ẹ wò ó, mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún ìdáríjì, Aláàánú sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo ṣẹ̀ ò tíì fọhùn, ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò sì lè bá a kánjú."