Irin Àtẹ̀gùn Tí Mo Gé Kúrò Lára Jíìpù Bàbá Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ bá mi fara balẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró sọ. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Ìbàfò àti ní Mowe, n kò sì lè ka iye ọmọ tí mo ti jẹ níyà nítorí irọ́. Ọmọ tó bá fọ́ fèrèsé tó sì jẹ́wọ́, mo máa ń ní kó gbá ilẹ̀ kó máa lọ. Èyí tó bá purọ́ ni mo máa ń dá dúró. Ẹ wá wo èmi náà lónìí. Irọ́ tí kò ju gbólóhùn méjì lọ ni mo pa fún ìyá mi, irọ́ náà sì ti sọ obìnrin tí kì í jókòó sílé di ẹni tó ń káṣọ sínú àpótí, tó ń pín ohun ìní rẹ̀, tó ń dúró de ikú. Ó wà láàyè o. Ó wà ní Ifọ̀, nínú ilé tí bàbá mi kọ́, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, èmi ni mo sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ tó fi tì í.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ara jíìpù kan. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi, ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀. Owódé Ẹ̀gbá ni wọ́n gbé e lọ, láti ibẹ̀ ló sì ti ń lọ láti oko dé oko, tó ń kọ́ àwọn onírẹsì bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irúgbìn. Jíìpù ìjọba ló ń wà. Nígbà tí jíìpù náà gbó, tí wọ́n tà á ní gbàǹjo, bàbá mi rà á, ó ní òun kò lè dúró lẹ́bàá ọ̀nà kí òun máa wo ẹlòmíràn lórí ìjókòó òun. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú ọkọ̀ tó jẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ẹsẹ̀ méjì péré ni agbára ẹ́ńjìnnì ń dé. Méjì yòókù kàn ń yí tẹ̀lé wọn ni. Bí méjì tó ń ṣiṣẹ́ bá ti bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n jíìpù bàbá mi ní ọ̀pá kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà. Bí a bá ti fà á, ti iwájú yóò dara pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò jọ máa fà, bí ẹni tó ti ń fi ẹsẹ̀ gun òkè tẹ́lẹ̀ tó wá fi ọwọ́ kún un.

Ayé ìgbà náà dùn! Ìyá mi a jókòó níwájú, àwa ọmọ mẹ́ta a wà lẹ́yìn láàárín àpò irúgbìn. Bí òjò bá rọ̀ tí ọ̀nà di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, bàbá mi a dúró, a máa ronú bóyá kó fa ọ̀pá kejì tàbí kó má fà á, nítorí bó bá ti fà á, jíìpù a máa mu epo bí ẹni tó gbààwẹ̀. Ìyá mi kì í dúró de ìrònú rẹ̀. A ní, "Bàbá wọn, ẹ fa ti iwájú jàre, ebi ń pa àwọn ọmọ yìí." Bàbá mi a rẹ́rìn-ín, a sì fà á. Jíìpù a ké, a mì, ẹrẹ̀ a fò lu fèrèsé, a ó sì jáde. Òórùn epo dísù, òórùn àpò ìrẹsì, àti òórùn àdí àgbọn tí ìyá mi fi ń para, bí ẹ bá da mẹ́ta náà pọ̀ lónìí, mo ṣì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun kan ṣì wà tó yẹ kí n sọ. Ẹsẹ̀ òsì ìyá mi kúrú díẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Kò dí i lọ́wọ́ ọjà, kò dí i lọ́wọ́ ijó, ẹnikẹ́ni kì í sì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa, débi pé èmi ọmọ rẹ̀ gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé.

Nígbà tí bàbá mi kú, jíìpù náà jókòó sẹ́yìn ilé ní Ifọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Koríko gba inú rẹ̀, alángbá ń bímọ síbẹ̀. Ọdún tí mo fẹ̀yìntì, mo rí i pé n kò ní ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe, mo wá sọ fún ìyá mi pé mo fẹ́ wọ́ ọ lọ sí Mowe kí n tún un ṣe. Inú rẹ̀ dùn. Kò bi mí pé nígbà wo, kò bi mí pé báwo. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí. Ó ní bó bá ti lè rìn, kí n fi gbé òun lọ sí Owódé lẹ́ẹ̀kan, kí òun jókòó sí àyè òun níwájú, kí òun rí ilé tí àwọn ti kọ́kọ́ gba yàrá àti pápá ìrẹsì tí bàbá mi fi ṣe ilé kejì. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì bẹ̀ mí ní nǹkan mìíràn láti ìgbà tí mo ti dàgbà.

Bí olùkọ́ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Mo ra ìwé àjákọ, mo yí jíìpù po, mo kọ gbogbo àléébù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ibi tí ìpẹtà ti jẹ, ibi tó ti tẹ̀, ilẹ̀kùn tí kì í pa dé, ìjókòó tó ya. Bí a bá ti tún ọ̀kan ṣe, màá fi bírò pupa fa ìlà sí i. Owó ìfẹ̀yìntì kì í ṣe owó tí ènìyàn fi ń ṣe fàájì, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni. Oṣù yìí, mo ra sípíríìngì àlòkù. Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo ra táyà. Ní Ìbàfò, mo rí ọkùnrin kan tó ń tú irú jíìpù bẹ́ẹ̀ tà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti rí jíà àti gíláàsì iwájú. Àwọn aládùúgbò mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lánlọ́ọ̀dù tó wà ní iwájú ilé mi a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀, a ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé adìyẹ yín yìí, ìgbà wo ni yóò yé ẹyin?" Èmi náà a dá a lóhùn pé bó bá yé e, òun ni mo máa kọ́kọ́ fún jẹ. Ẹ má bi mí bóyá mo gbádùn rẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀! Lójoojúmọ́ ni mo ń rántí nǹkan kan tí mo ti gbàgbé nípa bàbá mi.

Ẹni tó bá mi ṣe iṣẹ́ irin ni Mùfú, ọmọ Ìsẹ́yìn, wẹ́dà tó ń jó irin mọ́ irin ní ìkángun òpópónà wa. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Èmi àti òun la jọ pinnu pé kí a gbé jíìpù náà ga. Ohun tí mo sọ fún gbogbo ènìyàn ni pé nítorí omi òjò tó máa ń kún ojú ọ̀nà wa ní Mowe ni. Òótọ́ ni, omi ń kún. Ṣùgbọ́n bí mo bá máa jẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tán: mo ti ń wo àwọn jíìpù gíga tí àwọn ènìyàn ń wà kọjá, ó sì ń wù mí kí àwọn náà gbójú sókè kí wọ́n tó rí mi. A fi sípíríìngì tó gùn sí i, a fi táyà ńlá sí i. Nígbà náà ni mo dé orí irin àtẹ̀gùn kan tí wọ́n jó mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn apá ọ̀tún, níbi tí ìyá mi ti máa ń wọlé. Apá òsì kò ní irú rẹ̀. Irin náà sì wọ́: ó dagun sínú, ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ. Mo wò ó bí olùkọ́ ṣe ń wo ìṣirò tí kò yọrí, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé àtẹ̀gùn ọ̀tún wọ́, kí a gé e.

Mùfú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ pa irin náà, ó wò ó títí. Ó ní, "Tíṣà, ẹni tó jó irin yìí mọṣẹ́ o. Ẹ wo ojú ibi tó ti jó o, kò sí ibi tó fò. Ó mọ̀ọ́mọ̀ dá a gun báyìí ni. Ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ bi Ìyá ní Ifọ̀?"

Mo ní, "Mùfú, nínú èmi àti ìwọ, ta ni olùkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ni, sà." Ó sì gé e. Irin náà bá àwọn irin gbígbó yòókù lọ sọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin kiri. Mo fi bírò pupa fa ìlà sí i.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, lásìkò ọyẹ́, mo wa jíìpù náà lọ sí Ifọ̀. Ọ̀dà tuntun ń dán, ẹ́ńjìnnì ń ké bí ti àtijọ́. Ìyá mi ti múra tán kí n tó dé. Ó ró ìró aláró rẹ̀, ó di mọ́ínmọ́ín sínú àpò, ó wọ bàtà ìjáde. Ó fọwọ́ ra ara jíìpù láti ẹ̀yìn dé iwájú bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ẹran ọ̀sìn, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó di ara rẹ̀ mú, ó sì gbé ẹsẹ̀ òsì sókè. Kò wo ìsàlẹ̀. Láti ọdún wọ̀nyí, kò wo ìsàlẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ náà ń wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́, kò rí i, ó tún wá a. Ó wá yíjú sí mi. "Irin mi dà?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àyè wà níbẹ̀ fún òtítọ́. Àyè náà fẹ̀. Mo ní, "Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán, Màámi. Fúnra rẹ̀ ló já bọ́."

"Irin yẹn?" Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sílẹ̀. "Ó dáa."

Mo sáré gbé àpótí ìjókòó wá, ó gùn ún, àpótí ń mì, ìjókòó jíìpù ṣì ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé e sókè. Ó gbọ́wọ́ mi kúrò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní, "Ìwọ tí mo pọ̀n? Rárá o. Ọjọ́ tí wọ́n bá máa gbé mi, mi ò ní mọ̀." Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àpótí yẹn tó sọ fún mi pé ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá mi fi jókòó ti wẹ́dà ní Owódé nítorí irin náà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ ìyá mi ń yọ̀, bàbá mi ní kí wọ́n tú u. Ìkejì ga jù. Bàbá mi wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ìsàlẹ̀ bàtà ìyá mi, ó ní kó máa gùn, kó máa sọ̀ kalẹ̀, títí irin fi mọ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kò sọ fún wẹ́dà pé nítorí ẹsẹ̀ mi ni," ìyá mi sọ. "Ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe fẹ́ràn rẹ̀." Ó dìde, ó ní kí n jẹ mọ́ínmọ́ín kó tó tutù, ó sì wọlé lọ bọ́ bàtà.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti dáwọ́ ìjáde dúró. Kò lọ sí àsàlátù ọjọ́ Àìkú mọ́, òun tí kì í pa á jẹ. Ó ti kó àpò àti bàtà ìjáde fún àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ wò, ó sọ fún wọn pé irin tí ọkọ òun ṣe fún ẹsẹ̀ òun ti tán, Ọlọ́run ti fi han òun pé ẹsẹ̀ náà ti parí ìrìn rẹ̀. Ẹyin lohùn lóòótọ́! Mo padà lọ bá Mùfú. A sọ jíìpù náà kalẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, a wá irin tó nípọn. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe dagun tó? Mùfú kò mọ̀, èmi kò mọ̀, ìwé mi kò sì sọ ju pé ó wọ́. Mùfú ní ẹsẹ̀ Ìyá nìkan ló lè wọ̀n ọ́n. Mo lọ sí Ifọ̀, mo ní kó wá dúró kí a fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó wò mí tàánútàánú. "Ohun tí Ọlọ́run bá ti gbà, jẹ́ kó gbà á. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ fún mi pé irin yẹn já bọ́ fúnra rẹ̀, ǹ bá jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwọ ni, o kì í purọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ohun àtijọ́ ṣe, yálà ọkọ̀ ni, yálà ilé ni, ẹ gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi: bí ẹ bá rí ohun tó wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń lò ó léèrè kí ẹ tó nà án. Èmi kò béèrè. Nísinsìnyí, bí mo bá sọ òtítọ́, ó lè dìde, kó wọ bàtà, kó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun kò tíì parí ìrìn. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ tó fi ń yangàn ni yóò sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, ní ọjọ́ orí tí kò lè wá òmíràn mọ́. Bí n kò bá sì sọ ọ́, irọ́ mi ni yóò sin ín kí ilẹ̀ tó sin ín. Mo ti pinnu láti lọ lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àròkọ kò lóǹkà, ṣùgbọ́n láti àná tí mo ti jókòó, n kò tíì rí gbólóhùn tí ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ti wólẹ̀ níwájú ìyá yín rí, kí ni ẹ kọ́kọ́ sọ?