Wáyà Àyè Kẹsàn-án

Ọjọ́ Ajé ni Arlys kú ní Minnesota. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìròyìn pé ó ń kú lọ tó dé etí Leota Brandvold, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níbi tí gbogbo wa ń gbé létí odò Lemhi. Àwọn ará ọgbà wa ń fi àánú sọ ọ́ pé, "Ẹ ò rí ayé, ọjọ́ kan péré!" Èmi náà ń bá wọn mi orí. Ṣùgbọ́n ó tó gẹ́ẹ́. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí: ìròyìn náà kò pẹ́. Ó dé nígbà tó yẹ kó dé, ọwọ́ mi ló sùn sí. Shawna Pruett lorúkọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, n kò ṣàìsàn, ikú kò sì kan ilẹ̀kùn mi. Ohun tó ń mú mi sọ̀rọ̀ ni pé obìnrin tí mo ṣẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ọpẹ́ náà sì ń ta mí bí ata tó bọ́ sójú.

Ilé onítáyà ni gbogbo wa ń gbé nínú ọgbà náà, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ fà kiri. Àwọn kan á dúró lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ kan, wọ́n á tún fa ilé wọn lọ; àwa kan wà tí a kò lọ síbì kankan mọ́. Tèmi wà ní àyè kẹfà, ti Màmá Leota wà ní àyè kẹsàn-án, lẹ́yìn yàrá ìfọṣọ. Òkè yí wa ká, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kò sì ju kó yọjú bí ológbò, kó tún sá padà. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìwé ìtàn tí Màmá Leota ń yá mi ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Bí mo bá dá ọ̀kan padà, kì í béèrè bóyá ó yé mi. Ohun tó máa ń béèrè ni pé, "Ta lo bá sunkún nínú rẹ̀?"

Adití ni Arlys láti inú oyún. Ọwọ́ ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti kékeré, nítorí náà fóònù ọ́fíìsì ọgbà kò wúlò fún wọn. Àfi kí wọ́n rí ara wọn. A gbìyànjú rẹ̀ lórí fóònù mi nígbà kan. Àwòrán náà gan, ọwọ́ Arlys dúró lófuurufú láàárín ọ̀rọ̀ bí ẹyẹ tí wọ́n yìnbọn fún. Kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé ìlú kò ní ojú tí ń yàwòrán. Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ló lè ṣe é, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ni wáyà ní àwọn kì í fa wáyà wọ ilé tó lè dìde lọ lọ́la. Wọ́n ní kí Màmá Leota bọ́ táyà ilé rẹ̀, kí Duane Hatch tó ń bójú tó ọgbà sì kọ̀wé jẹ́rìí sí i. Láti ìgbà tí ọkọ Màmá Leota ti kú ló ti ń sọ pé lọ́jọ́ kan òun á fa ilé òun lọ bá Arlys. Síbẹ̀ ó ní kí Duane gbé jáàkì wá. Nígbà tí Duane ń tú táyà kejì, ó ní, "Màmá, ẹ ti di igi báyìí o. Ó ku kí ẹ máa so èso." Màmá ní, "Gbẹ́nu dákẹ́, Duane. Ìwọ tó o ti ń kun ọ́fíìsì yẹn láti ọdún kẹta, ta ló bọ́ táyà tìẹ?" A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń yí táyà kẹrin lọ, mo rí i tó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara ilé náà bí ẹni ń tu ẹṣin nínú. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ni mo fi pààrọ̀ ojú, Shawna. Kò burú. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí."

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ọkùnrin wáyà ń bọ̀, dókítà ojú ní ìlú kò gbà láti yí ọjọ́ tó ti fún Màmá padà, Duane sì fi ọkọ̀ gbé Màmá lọ. Kó tó wọ ọkọ̀, ó pè mí. "Ọmọ mi, bí ó bá dé, mú un lọ sílé mi. Kọ́kọ́rọ́ rèé." Mo gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, ọwọ́ tí mo fi gbà á nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, iṣẹ́ kan fẹ́ gbà mí: kí n jókòó sílé, kí n máa dá àwọn aláìsàn lóhùn lórí kọ̀ǹpútà, kí n máa fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n á rí dókítà. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń tún yàrá òtẹ́ẹ̀lì ṣe, tí ẹ̀yìn ń dùn mí bí arúgbó. Àwọn oníṣẹ́ náà sì ní ẹni tí kò bá ní wáyà kó má wulẹ̀ yọjú. Ìṣó òkè tó di nọ́ńbà àyè mi mú lára òpó iwájú ilé mi ti já láti ìgbà òjò. 6 ti dorí kodò, ó ń pe ara rẹ̀ ní 9. Ọkùnrin wáyà, onírùngbọ̀n funfun kan, dúró níwájú rẹ̀. "Àyè kẹsàn-án rèé, àbí? Brandvold?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó wo pákó tó yí ìdí ilé mi ká. "Ẹ ti bọ́ táyà?" Mo ní, "A ti bọ́ ọ." Ó ní, "Orí yín dáa o. Ihò kan ṣoṣo tí wáyà lè gbà ló kù nínú àpótí tí gbogbo ọgbà yín ń lò. Ẹni tó bá tún béèrè, ó di ọdún tó ń bọ̀." Ìgbà yẹn gan-an ni mo láǹfààní láti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Kọfí ni mo bù fún un dípò rẹ̀. Ó dá ihò sí ìdí ilé mi, ó fa wáyà dúdú náà gba abẹ́ ibùsùn mi wọlé, ó lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti pe iléeṣẹ́ náà pé wọ́n ṣi orúkọ àti àyè kọ, wọ́n sì tún un kọ. Lẹ́yìn náà mo gun àga, mo kan nọ́ńbà mi mọ́ òpó dáadáa.

Màmá Leota dé pẹ̀lú báńdéèjì lójú kan. "Ó dé?" Mo ní, "Ó dé, Màmá. Ó ní ihò inú àpótí ti tán, ó di ọdún tó ń bọ̀." Ó ní, "Gbogbo rẹ̀?" Mo ní, "Gbogbo rẹ̀." Ó wo ìdí ilé rẹ̀ níbi tí búlọ́ọ̀kù gbé e dúró sí. Ó ní, "Ó dáa. Arlys á dúró dè mí. Ó ti mọ́ ọn lára." Èmi sì dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún un, ó ní, "O ṣé, ọmọ mi."

Àdírẹ́sì ímeèlì mi ni Karla, ọmọ Arlys, fi ń kọ̀wé sí Màmá Leota. Gbogbo ọgbà ló mọ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń lọ sí ilé ìkàwé, tí mo máa ń tẹ lẹ́tà náà jáde wá kà fún un. Lẹ́yìn tí wáyà wọlé mi, mo ṣì ń lọ kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn ṣe iṣẹ́ tuntun mi, mo máa ń sọ pé ìtàn ni mo ń kọ. Màmá Leota nìkan ló béèrè ìgbà tí òun máa kà á.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, lẹ́tà Karla yọ lójú kọ̀ǹpútà mi. Ó ní, "Shawna, jọ̀ọ́, Mọ́mì ò ní pẹ́ lọ. Ojú ẹ̀ mọ́ kedere lónìí, ó ń béèrè Àǹtí Leota. A ti gbé kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá lè rí ọ̀nà kankan, ìṣẹ́jú márùn-ún péré." Ẹ gbọ́ o. Ìṣísẹ̀ ọgọ́ta ló wà láàárín ilẹ̀kùn mi àti ti Màmá Leota. Mo ti kà á lẹ́yìn náà. Kọ̀ǹpútà mi lójú, wáyà mi kì í gan. Mo wọ bàtà. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo ń wò ó níbi tó ti ń sá aṣọ. Mo wá rò ó pé yóò bi mí pé, báwo lo ṣe rí lẹ́tà lọ́jọ́ Àìkú? Yóò wọlé, yóò rí wáyà rẹ̀. Mo bọ́ bàtà. Mo sọ fún ara mi pé nínú ìwé ìtàn, ẹni tó ń kú máa ń dúró de ẹni tó fẹ́ rí. Ní ọ̀sán, Màmá Leota kan ilẹ̀kùn, ó gbé ọbẹ̀ ẹran ìgalà wá. "O ti rù jù, òǹkọ̀wé. Jẹun." Mo sì jẹ ẹ́. Lẹ́tà náà wà ní ṣíṣí lẹ́yìn mi, mo jẹ ọbẹ̀ náà tán.

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́tà kejì dé. Arlys ti kú ní aago mẹ́rin. Karla ní títí tó fi kú ló ń fa irun ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, bí ẹni ń fa irun dídì. Orúkọ Màmá Leota nìyẹn lédè ọwọ́ wọn, nítorí irun dídì gígùn tó ní lọ́mọdé. Karla ní, "Sọ fún Àǹtí pé a ò bínú pé wọn ò dáhùn." Síbẹ̀ mo dúró di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo wakọ̀ lọ sí ìlú, mo tẹ méjèèjì jáde ní ilé ìkàwé, mo wá kà wọ́n fún un. Ó ní, "Ọjọ́ kan." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, òun ló sì fà mí mọ́ra. "Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Ìwọ lo kúkú sáré mú un wá." Ọwọ́ rẹ̀ ń sọ nǹkan lẹ́yìn mi, èmi tí n kò gbọ́ èdè náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ méjì péré ni irọ́ mi níwájú òpó. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ a máa wá ẹni tí yóò ṣọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mo sì di ọlọ́dẹ rẹ̀, títí mo fi dí ọ̀nà mọ́ ìyá tó ń kú. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ padà lónìí, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ìtìjú nìkan.

Ní òwúrọ̀ yìí mo lọ bá a lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo gba wáyà yín. Ilé mi ni ọkùnrin yẹn fà á sí. Lẹ́tà Karla sì dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Àìkú." Ó ní, "Ọjọ́ Àìkú? Kó o tó jẹ ọbẹ̀ mi?" Mo ní, "Kí n tó jẹ ẹ́." Ó gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. Kò pariwo, kò sì pè mí lọ́mọ mọ́. "Kí lo wá fẹ́ báyìí, Shawna?"

Mo ní, "Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n á yọ wáyà nílé mi, wọ́n á fà á wá síbí, kí ẹ lè rí ìsìnkú Arlys lórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ti kọ̀wé sí Karla pé kì í ṣe pé ẹ ò dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Èmi ni mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Mo bẹ̀ yín, Màmá, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kẹ́ ẹ dárí jì mí lónìí."