Ọmọ Ọlọ́mọ Ni Mo Nàka Sí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Mo ti bú ara mi tó. Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí mi ò ti lè wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú, èmi tí mo ti ń bá a lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ibùdókọ̀ Benson ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì báyìí. Mo ń jí kí àkùkọ tó kọ, síbẹ̀ ọ̀gá mi ń ṣáájú mi dé ọ́fíìsì. Ìyàwó mi bi mí pé ṣé omi ti wá ń bà mí lẹ́rù ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa. Àwọn èèyàn inú ọkọ̀ ni mò ń sá fún. Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi, ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ejìnrìn, lápá Ẹ̀pẹ́. Ìyá rẹ̀ rò pé ó lọ sinmi ni. Èmi àti ọmọ náà nìkan la mọ ohun tó gbé e kúrò nílé, ojú sì ń tì mí débi pé mi ò lè wo ìyàwó mi lójú tá a bá ń jẹun.

Eré idà ni Mọ́rẹ́nikẹ́ ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kẹ́rù bà yín o, idà náà ò mú, bọ́tìnnì kékeré kan ló wà lórí ṣóńṣó rẹ̀. Aṣọ funfun ni wọ́n máa ń wọ̀ látòkè délẹ̀, wọ́n á wá fi ìbòjú onírin bo gbogbo orí. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń rí yín, ẹ̀yin ò lè rí i. Bí idà ẹnì kan bá kan ẹnì kejì lára, iná á tàn, pupa fún apá kan, àwọ̀ ewé fún apá kejì, ẹni tí iná rẹ̀ bá sì kọ́kọ́ tàn dé iye tí wọ́n fẹ́ ló borí. Ilé ẹ̀kọ́ gírámà ló ti kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ fún mi, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní, "Idà kẹ̀? Ṣé ogun ń bọ̀ ni?" Mi ò dí i lọ́wọ́, mi ò sì ràn án lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń ra bàtà, ìyá rẹ̀ ló ń fi òróró wọ́ ọ lẹ́sẹ̀.

Nígbà tó wá di ọdún yìí, wọ́n mú un mọ́ àwọn tó máa ṣojú Nàìjíríà kiri ilẹ̀ Áfíríkà. Gánà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, ó sì gba ipò kẹta. Há! Mo di bàbá ọmọ! Ẹ mọ̀ pé àwa tá a jọ ń wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ti di ọmọ ìyá. A mọ ibi tí kálukú ń jókòó sí, bí ẹnì kan ò bá wá, a ó pè é lórí fóònù, bí ẹnì kan bá bímọ, a ó jọ lọ. Alhaji Gàníyù ni olórí wa. Mo gbé fóònù fún wọn kí wọ́n wo fọ́tò tí Mọ́rẹ́nikẹ́ fi ránṣẹ́, ìbòjú wà lórí rẹ̀, ó na idà sókè. Kò sí ẹni tó tíì rí ojú rẹ̀ rí nínú wọn. Wọ́n hó yèè. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ mí ní Bàbá Champion. Alhaji á máa so láífù jákẹ́ẹ̀tì mọ́ra, á ní, "Bàbá Champion, ẹ bọ́ síwájú, ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀." Kí n má parọ́, ó ń dùn mọ́ mi. Mo wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń di idà mú.

Àṣé ayọ̀ yẹn ò ní tọ́jọ́. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, ìjà àkọ́kọ́ ló ti já bọ́. Ní Íjíbítì, bákan náà. Ní Àlùjíríà, ọrùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ yẹ̀. Ó pè mí, ó ní, "Dádì, wọ́n tún nà mí o, ẹsẹ̀ mi sì yẹ̀." Kí lẹ rò pé mo sọ? Mo ní, "Kí lo fẹ́ kí n wá sọ fáwọn èèyàn báyìí?" Mi ò bi í léèrè ẹsẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo dénú ọkọ̀, mo ní ó gba ipò kejì. Lẹ́yìn ìdíje tó tẹ̀ lé e, mo ní wúrà ló gbà. Ta ló rán mi? Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Èkó ni wọ́n ti wá ṣe àṣekágbá ọdún náà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n Alhaji gbọ́ ọ lórí rédíò. Ó ní, "Bàbá Champion, ẹ fẹ́ fi í pa mọ́ fún wa ni? Ọmọ gbogbo wa mà ni!" Nígbà tó di Sátidé, gbogbo wọn wá, pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Kí a tó ráyè jókòó, Mọ́rẹ́nikẹ́ ti wà lójú ìjà, ọmọ Íjíbítì kan sì ń fìyà jẹ ẹ́. Iná ọmọ yẹn ṣáà ń tàn ni. Ní ojú ìjà kejì, ọmọ Nàìjíríà mìíràn ń ja àjàṣẹ́gun. Aṣọ kan náà, ìbòjú kan náà, wọn ò sì ga jura wọn lọ. Orúkọ wà lẹ́yìn aṣọ wọn, àmọ́ a ò lè kà á láti ibi tá a wà. Alhaji fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Èwo ni tiwa níbẹ̀?"

Mo mọ ọmọ mi. Mo rí bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkejì ni mo nàka sí.

Wọ́n ní ọmọ tó bá dáa ni ti bàbá, èyí tó bá burú ni ti ìyá. Èmi wá kọjá ìyẹn, ọmọ ọlọ́mọ ni mo gbà. Ni àwọn ará ọkọ̀ bá figbe ta, "Mọ́rẹ́nikẹ́! Mọ́rẹ́nikẹ́!" Ọmọ mi gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó yíjú sọ́dọ̀ wa nínú ìbòjú yẹn, ó rò pé òun là ń pè! Ó fò mọ́ ọmọ Íjíbítì yẹn, iná rẹ̀ tàn. Ó tún tàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, torí ibòmíràn ni gbogbo wa kọjú sí. Lẹ́yìn náà ni iná ọmọbìnrin kejì tàn, fèrè sì dún lù. Mo rí i tí Mọ́rẹ́nikẹ́ dúró, tó wo ojú ìjà kejì, tó sì tún wo wá. Kò jà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó kàn ń dúró kí wọ́n nà án tán ni.

Ọmọbìnrin kejì sáré lọ dì mọ́ kóòṣì rẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ ṣí ìbòjú, ó nu ojú, ó tiro wá sọ́dọ̀ wa, ó sì kúnlẹ̀. Alhaji ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi, o gbìyànjú. Ṣé ìwọ àti Mọ́rẹ́nikẹ́ wa lẹ jọ wà?" Ó gbójú sókè wò mí. Ó dúró de ẹnu mi. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ó wá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọ̀rẹ́ mi ni." Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ kú oríire ọmọ yín, sà." Ó dìde, ó lọ. Kí n tó délé lọ́jọ́ náà, ó ti gba Ẹ̀pẹ́ lọ.

Mo lọ bá a ní Ejìnrìn. Níbi tí òun àti ìyá àgbà ti ń sọ ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni mo ti bá a. Ó bu omi fún mi lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀." Ó ní, "Dádì, ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ sọ fún àwọn ará ọkọ̀ yín pé èmi ni. Tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́, màá wálé." Kò bú mi, kò sunkún. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bú mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Èbúté. Alhaji rí mi lókèèrè, ó pariwo, "Bàbá Champion! Ibo lẹ wọlẹ̀ sí?" Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni, "Ẹ ṣé o." Mo ní mo gbàgbé nǹkan sílé, mo pẹ̀yìn dà.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi sá fún ẹ̀sín, mo sì ti pàdánù ọmọ mi nítorí rẹ̀. Wọ́n ti tún pè é fún ìdíje ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni Mọ́rẹ́nikẹ́ sì ní kó sin òun dé pápákọ̀ òfuurufú. Nítorí náà, mi ò bi yín ní ohun tó yẹ kí n ṣe, ọmọ mi ti sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró níwájú ẹlẹgbẹ́ yín rí, tẹ́ ẹ sì jẹ́wọ́ irú ìtìjú báyìí, ẹ ṣàánú mi, ẹ sọ fún mi: ọ̀rọ̀ wo lẹ kọ́kọ́ sọ?