Iyọ̀ Tí Mo Gún Mọ́ Irú

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa ní kí n dìde dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, nítorí bí mo ṣe dúró ti ọ̀rẹ́ mi nínú àìsàn. Mo dìde. Àtẹ́wọ́ náà ṣì ń dún ní etí mi títí di ìsinsìnyí, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń kọ ìwé yìí sí yín. N kò lè gbé irọ́ náà sùn mọ́. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí, bí kò tilẹ̀ yé èmi fúnra mi tán.

Rẹ̀míláyọ̀ àti èmi ti mọ ara wa láti ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì. Nígbà tí ọkọ mi, Ọláníyan, kú, òun ló ń wá sílé mi ní Abraham Adésànyà Estate ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí a ó jọ jẹun nínú abọ́ kan ṣoṣo, kí n má baà jókòó ti oúnjẹ tí n kò ní jẹ. Àwọn mìíràn mú ọ̀rọ̀ ìtùnú wá. Rẹ̀míláyọ̀ ṣan ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi bọ abọ́ mi. Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá ni dókítà sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní kó fọn díẹ̀, kó jìnnà sí iyọ̀ àti Magí, kó fi ẹran ọlọ́ràá sílẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ kì í pinnu kó yẹ̀. Ṣùgbọ́n aago márùn-ún ìdájí ló ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Lẹ́kkí Free Zone, kò ráyè dáná, ó sì bẹ̀ mí pé kí n máa bá òun se oúnjẹ tí òun ó máa gbé sínú kúlà lọ. Mo ní kò sí wàhálà.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Àlàájà Suliat, aládùúgbò wa tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bi í bóyá ewúrẹ́ ló fẹ́ dà, tó fi jẹ́ ewé ṣáá ló ń jẹ. Azeezat ní obìnrin tó bá rù ní ọjọ́ orí wa, àwọn èèyàn á ní ọkọ rẹ̀ ló ń febi pa á. Wọ́n á gbé ẹran díndín síwájú rẹ̀, wọ́n á ní ẹyọ kan ò pààyàn. Èmi ni mo máa ń gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Rẹ̀míláyọ̀ á gbé ọwọ́ lé mi léjìká, á ní, "Ìyá Dábírà nìkan ló dúró tì mí nínú gbogbo yín." Mo sì ń gbọ́ ọ, èmi tí mo ti ń fi iyọ̀ sí oúnjẹ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹta.

Irú ni mo fi ń se ẹ̀fọ́ rẹ̀. Màá da iyọ̀ sínú odó kékeré, màá gún un mọ́ irú títí ojú ò fi ní rí i mọ́. Díẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń fi sí i, kí ahọ́n rẹ̀ má baà fura. Nígbà tó ní oúnjẹ náà dùn ju bí òun ṣe rò lọ, mo ní irú ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọwọ́ ẹ ni. Irú tèmi kì í ṣe báyìí."

Mo ti bi ara mi ní ìdí rẹ̀ títí, ìdáhùn tí mo rí lónìí kì í ṣe èyí tí mo rí lánàá. Nígbà tí ọkọ mi ń ṣàìsàn, wọ́n ní òun náà kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀. Ó ku ọ̀la kó kú, ó bẹ̀ mí pé kí n fi díẹ̀ sí ọbẹ̀ òun, díẹ̀ péré. Mo kọ̀. Àwa tí a ń fi iyọ̀ tọ́ ọmọ tuntun lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, pé kí ayé rẹ̀ dùn, èmi ni mo jẹ́ kí ọkọ mi fi ẹnu àtẹ́ lọ. Nígbà tí mo tọ́ ẹ̀fọ́ Rẹ̀míláyọ̀ wò tí mo bá a ní títẹ́, mo nawọ́ sí iyọ̀. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ, abọ́ tirẹ̀ ti di ọ̀tọ̀, tèmi di ọ̀tọ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn tí n kò sí níbẹ̀. Ṣé ìfẹ́ nìyẹn àbí owú? N kò mọ̀. Títí di òní, n kò mọ̀.

Oṣù mẹ́ta kọjá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò wálẹ̀. Dókítà ń fi oògùn kún oògùn. Wọ́n bi í bóyá ó ń jẹ nǹkan mìíràn ní kọ̀rọ̀, ó búra, wọn ò sì gbà á gbọ́. Ó wá jókòó sí kíṣìnì mi, ó ń sunkún. "Ara mi ló ń dalẹ̀ mi. Kí ni mo fi ṣe é?" Mo bu omi fún un mu. Òpònú èmi, omi ni mo bù fún un.

Ọjọ́ yẹn ni mo ronú pìwà dà. Ẹ má tíì yìn mí. Mo da gbogbo iyọ̀ ilé mi nù, mo gbàdúrà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ rẹ̀ bó ṣe yẹ kó rí láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ tí a bá ti fi sílẹ̀ ti tán. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé iyọ̀ mi ni dókítà fi díwọ̀n oògùn láìmọ̀. Nígbà tí iyọ̀ kúrò, oògùn ò rí nǹkan bá jà mọ́, ó kọjú sí Rẹ̀míláyọ̀ fúnra rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, òòyì kọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán.

Ibi tó burú jù nìyí. Ní ilé ìwòsàn kan ní Ajah, dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí wọ́n ní èmi ni mò ń se oúnjẹ rẹ̀. Tolúwani, ọmọ rẹ̀ obìnrin, di ọwọ́ mi mú. Dókítà ní, "Mà, ṣé nǹkan kan yí padà nínú oúnjẹ wọn láìpẹ́ yìí? Ẹ fara balẹ̀ rò ó. Ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ gan-an, a ò sì lè ṣiṣẹ́ abẹ títí a ó fi mọ ohun tó fà á."

Mo ní, "Kò sí nǹkan tó yí padà."

Gbogbo iyọ̀ tí mo gún kò tó gbólóhùn yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wá àìsàn tí kò sí, nínú ọkàn rẹ̀, nínú ọpọlọ rẹ̀, tí òun sì dùbúlẹ̀ lórí egungun tó kán. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń kérora, mo sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ní ọjọ́ kẹrin, Àlàájà Suliat gbé oúnjẹ wá. Ó ti bi nọ́ọ̀sì léèrè bí wọ́n ṣe ń se é láìfi iyọ̀ sí i. Ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí Rẹ̀míláyọ̀ foríji òun, pé ẹnu òun ni kò mọ̀wọ̀n. Ẹni tó fi ẹnu lásán ṣẹ̀ ń kúnlẹ̀, èmi dúró. Mo lọ bá dókítà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ láìwo ojú mi. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n rí iṣẹ́ abẹ náà ṣe.

Nígbà tí Rẹ̀míláyọ̀ lè jókòó, mo sọ fún òun náà. Ó ní, "Gbogbo ìgbà yẹn ni mo fi ń bú ara mi, Ṣèyílọ́lá. Mo ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ara yìí." Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ lè pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ẹ̀yin ọmọ wa obìnrin, ọ̀rẹ́ tó bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ẹ ń ṣọ́ ẹnu, ẹ lè bá a rẹ́rìn-ín kí ẹ sì ti abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí kò bá fẹ́ kí ẹ yí padà tí kò sì lè sọ ọ́ jáde ni kí ẹ bẹ̀rù. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀, ẹ má ṣe tún un ṣe ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tí ẹ ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé lórí irọ́ yín ló dúró sí.

Rẹ̀míláyọ̀, n kò ní kí o tún jẹun lọ́wọ́ mi. Bí o bá dárí jì mí, màá dúpẹ́. Bí o kò bá dárí jì mí, ó tọ́ sí mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ọ́: má bínú sí ara rẹ mọ́. Kì í ṣe ara rẹ ló dalẹ̀ rẹ. Èmi ni.